Ìdí Ààrò ní Pópó Àgùdà

Bí a bá ń pìtàn Pópó Àgùdà ní Èkó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a máa ń kà. Ìdí ààrò ni èmi fẹ́ kí a lọ. Àwọn tí ó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil àti Cuba ni ó tẹ̀dó síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, àwọn ìyá a fi omi àgbọn se ẹ̀wà frejon, wọn a sì bù ú fún aládùúgbò, ìbáà ṣe mùsùlùmí. Ní 1956, ìjọba fi òfin dáàbò bo ilé Fernandez ní Ìta Tinúubú. Ní 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Frejon kò ní òfin kankan, wọ́n ṣì ń sè é.