Oògùn àti Ọ̀nà Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Èmi rò pé ẹjọ́ mìíràn tún wà lẹ́yìn ti ewé: ewé lè pé, kí oògùn má sì dé ibi tí àrùn wà. Ìtàn oògùn jẹjẹrẹ jẹ́rìí sí èyí.

Ní 1917, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú gáàsì olóró kan sójú ogun ní Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn oníṣègùn ṣàkíyèsí pé ó ń ba ẹ̀jẹ̀ funfun inú ara jẹ́. Nígbà tí ó di 1942, wọ́n fi ìbátan májèlé náà tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ kan ní Yale ní Amẹ́ríkà. Kókó náà fọn, ṣùgbọ́n ó padà. Láti ìdílé májèlé yìí ni cyclophosphamide ti jáde.

Ní 1958, Denis Burkitt kọ̀wé láti Uganda nípa jẹjẹrẹ tí ń wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Àrùn náà wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣí UCH ní 1957, tí a sì bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní 1960, Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù, wà lára àwọn tí ó fi oògùn bá a jà. Òun àti Burkitt wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972.

Síbẹ̀, oògùn wọ̀nyí dà bí ẹni tí ó tinábọ oko nítorí òkété: òkété kú, iṣu náà jóná. Irun a máa re, èébì a máa gbéni, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dínkù.

Nítorí náà ni Helmut Ringsdorf ti Jámánì fi dábàá ní 1975 pé kí a so oògùn mọ́ pólímà, kí ó máa gbé e lọ. Ní 1986, Matsumura àti Maeda ní Japan fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ a máa jò, tí ẹrù kékeré fi lè ráyè wọlé, kí ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ní 1995, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Doxil, oògùn tí a dì sínú ọ̀rá, tí a sì fi pólímà bò. Ẹrù náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí 10,000 wọn, bí a bá tò wọ́n, kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń ṣe pólímà tí ń tàn bí tanátaná nígbà tí a bá tan iná sí i, kí wọ́n lè rí i bóyá oògùn wọ inú sẹ́ẹ̀lì tàbí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni mo rí. Láyé àkọ́kọ́ UCH, aláìsàn láti Ìjerò, Arámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n ní láti kọjá ní Iléṣà àti Ifẹ̀ kí ó tó dé Ìbàdàn. Láti 2014, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, ìtòsí Ìjerò, ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ti kúrú díẹ̀. Ìbẹ̀rù àti àìlówó ni wọ́n ṣì ń dènà. Oògùn tí ó mọ ojú ọ̀nà nínú ara kò wúlò fún ẹni tí ó pa kókó mọ́ra nílé títí ó fi tàn kálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa ọ̀mọ̀wé ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà méjèèjì.