Sátidé Dúdú: Iná Igbó Ìpínlẹ̀ Victoria Lọ́dún 2009 àti Àríyànjiyàn Tó Tẹ̀lé E

Sátidé Dúdú ni àwọn ará Ọsirélíà ń pe ọjọ́ 7 oṣù Kejì, ọdún 2009, nígbà tí iná tó lé ní 300 ṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo káàkiri Ìpínlẹ̀ Victoria. Ènìyàn 173 ni iná náà pa. Ó jó ilé tó lé ní 2,000, igbó, oko àti pápá tó sì run ju 400,000 hẹ́kítà lọ. Ó ti pẹ́ tí iná igbó ti ń jà ní ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àkọsílẹ̀ sọ pé ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìlú kéékèèké orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Melbourne ló jìyà rẹ̀ jù: Kinglake, Strathewen, St Andrews, Flowerdale àti Marysville.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ lórí ohun tó fà á àti bí a ṣe lè dènà irú rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló sì máa ń lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀: kí ló ṣáná sí igbó, àti kí ló sọ iná náà di apani? Ẹni tó bá fi ìdáhùn ọ̀kan dáhùn èkejì yóò kó owó àti agbára lọ síbi tí kò yẹ.

Ooru, ọ̀dá àti afẹ́fẹ́

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọ̀dá ti ń bá gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà fínra. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2009, ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn ni ooru Melbourne fi kọjá ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yẹn nìkan ti kọ́kọ́ pa ènìyàn. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣírò rẹ̀, iye òkú àsìkò náà fi 374 lé sí iye tó sábà máa ń kú, àwọn àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kì í ka àwọn wọ̀nyí mọ́ òkú Sátidé Dúdú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ooru kan náà ló yan igbó gbẹ kí iná tó dé e.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ooru dé 46.4 ní Melbourne. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ àárín orílẹ̀-èdè náà ń fẹ́ láti àríwá, ó sì kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan láwọn ibì kan. Ìkìlọ̀ ti wà: John Brumby, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ti sọ fún aráàlú lọ́jọ́ tó ṣáájú pé ọjọ́ burúkú ń bọ̀.

Igi yúkálíptọ́ọ̀sì ló kún igbó wọn. Òróró wà nínú ewé rẹ̀, ewé tó bá sì wọ́ sílẹ̀ lákòókò ọ̀dá kì í tètè jẹrà. Ara ọ̀pọ̀ irú igi náà ni èèpo ti ń bó ní gbọọrọ gbọọrọ, tí á so rọ̀ mọ́ igi. Bí iná bá ti ràn mọ́ èèpo yìí, afẹ́fẹ́ á já a, á sì gbé e fò pẹ̀lú iná lára. Lọ́jọ́ náà, irú ẹyinná bẹ́ẹ̀ bọ́ síbi tó tó 30 kìlómítà níwájú iná tó ti wá, ó sì dá iná tuntun sílẹ̀. Odò, títì tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti ro kò lè dá irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́nà.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà ní ìrọ̀lẹ́ ni ikú pọ̀. Láti ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ àríwá ti ń ta iná lọ sí gúúsù, ó gùn, ó rí tóóró bí ọ̀kọ̀. Lójijì, afẹ́fẹ́ tútù gbéra láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ iná náà, tó gùn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, sì di ojú iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó rò pé iná ti gba ẹ̀gbẹ́ ìlú àwọn kọjá rí i tó kọjú sí wọn. Bí ó ṣe gun òkè lọ bá Kinglake nìyẹn. Iná tó bá ń gun òkè a sì máa yára ju èyí tó ń jó ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ooru rẹ̀ ti ń yan igi òkè gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nínú iná

Èéfín sọ ọ̀sán di òkùnkùn. Ooru tó ń ti ara iná jáde lè pa ẹni tó dúró ní gbangba kí iná tó kàn án lára rárá. Ilé lè gba ooru yẹn sára fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ojú iná fi ń kọjá. Èrò yìí ló wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn pé kí onílé dúró gbèjà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyinná ti ń rọ̀ sórí ilé ṣáájú ojú iná, á sì máa rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Á kó sínú páìpù etí òrùlé tí ewé gbígbẹ ti dí, á wọ abẹ́ páànù lọ sínú àjà, á wọ abẹ́ pákó fàráńdà. Ẹni tó bá dúró gbọ́dọ̀ máa yí ilé ká pẹ̀lú garawa omi àti aṣọ tútù, kó máa pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú tí èéfín ti fọ́.

Ibẹ̀ ni ìmúrasílẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti já. Iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi dákẹ́. Páìpù oníke yọ́. Omi wà nínú táńkì, kò sí bó ṣe máa dé orí òrùlé. Àwọn kan sá sí balùwẹ̀ nítorí pé omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n balùwẹ̀ kì í sábà ní ilẹ̀kùn tó jáde síta, fèrèsé rẹ̀ kéré, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì rí ìta láti mọ ìgbà tí iná ti kọjá tó yẹ kó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ló kú sínú ilé tàbí nítòsí rẹ̀. Àwọn mìíràn kú sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbéra, igi ti wó dínà, ọkọ̀ sì ń kọlu ara wọn nínú èéfín.

Ní Marysville, ìlú ìgbafẹ́ tó wà láàárín igbó, ó lé ní 30 ènìyàn tó kú, ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ló sì ṣẹ́kù. Iye náà ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kóra jọ sí pápá ìṣeré ìlú náà, àwọn ọlọ́pàá sì ṣáájú ọ̀wọ́ ọkọ̀ wọn lọ sí ìlú Alexandra kí iná tó wọlé.

Ìgbìmọ̀ Olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀, tí adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Bernard Teague, jẹ́ alága rẹ̀, yẹ ikú ènìyàn 173 náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí olúkúlùkù wà, ohun tó ti pinnu láti ṣe, ìkìlọ̀ tó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà, èyí ni mo rò pé ó níyì jù. Òun ló jẹ́ kó hàn pé àwọn kan tẹ̀lé gbogbo ìmọ̀ràn ìjọba, tí wọ́n sì kú síbẹ̀. Òun náà ló jẹ́ kó hàn pé ìkìlọ̀ fún àwọn ìlú bíi Kinglake kò dé lásìkò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ iná ti mọ ibi tó ń lọ.

Kí ló ṣáná?

Bí irú àjálù bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dáná sungbó ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Iná tó jà nítòsí ìlú Churchill jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀dá, wọ́n sì dá ọkùnrin kan lẹ́bi lọ́dún 2012 fún ikú ènìyàn mẹ́wàá. Ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n rán an.

Ṣùgbọ́n wáyà iná mànàmáná ló fa èyí tó pa ènìyàn jù. Nínú iná ńláńlá 11 tó ṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Ìgbìmọ̀ Olùwádìí rí i pé márùn-ún ló ti ọ̀dọ̀ wáyà àti òpó wá. Iná Kilmore East, tó gba Strathewen, St Andrews àti Kinglake kọjá, pa ènìyàn 119. Wáyà kan tó ti lò ju 40 ọdún lọ ló já. Wọ́n ta á la àfonífojì kan kọjá láti orí òkè sí orí òkè, ó gùn tó kìlómítà kan. Irin tí wọ́n fi dè é mọ́ òpó kò jókòó síbi tó yẹ, afẹ́fẹ́ ń mì í lọ́dọọdún, ó sì ń jẹ ẹ́ ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ náà, ó já bọ́ sórí koríko gbígbẹ. Lọ́dún 2014, ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà náà àti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́jọ́ gbà láti san bí 494 mílíọ̀nù dọ́là ilẹ̀ Ọsirélíà fún àwọn tí iná náà ṣe ní jàǹbá, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Èyí ni apá tó rọrùn jù láti tún ṣe nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ìjọba sì tún un ṣe dé ìwọ̀n kan. Wọ́n ya 750 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti rọ́pò wáyà ìhòòhò láwọn ibi tó léwu jù, àti láti fi ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù kíákíá bí wáyà bá kanlẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tún gbogbo wáyà ṣe, ààrá ṣì ń sán. Iná Gospers Mountain, tó jó ilẹ̀ tó lé ní 500,000 hẹ́kítà ní ìpínlẹ̀ New South Wales lọ́dún 2019, ààrá ló dá a sílẹ̀.

Dídáná kí iná má baà jó

Nínú ìmọ̀ràn 67 tí Ìgbìmọ̀ Olùwádìí gbé jáde nínú oṣù Keje ọdún 2010, èyí tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù ni pé kí ìjọba máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìjọba lọ́dọọdún, lásìkò tí ojú ọjọ́ tutù, kí ewé àti igi gbígbẹ lè dín kù. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé iná kò lè jó ohun tí kò sí. Òótọ́ ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìpín tí wọ́n ń wá máa ń sún àwọn òṣìṣẹ́ lọ jó igbó ọ̀nà jíjìn, níbi tí ó rọrùn tí ilẹ̀ sì gbòòrò, nígbà tí ẹ̀yìnkùlé ìlú, tó ṣòroó jó tó sì ṣe pàtàkì, á wà bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ ni ewé tún máa ń kún ilẹ̀ padà. Lọ́jọ́ tí ooru àti afẹ́fẹ́ bá le bíi ti Sátidé Dúdú, ẹyinná a máa fo ibi tí wọ́n ti jó kọjá. Lọ́dún 2015, irú iná ìjọba bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nítòsí Lancefield, ó sì jó ilé àwọn aráàlú. Ọdún yẹn náà ni ìjọba pa ìpín márùn-ún náà tì, tó ní kí wọ́n máa wo bí ewu ìlú ṣe dín kù sí.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ti ń fi iná tọ́jú ilẹ̀ wọn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé. Iná kékeré ni, tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí koríko tí kò dé orí igi. Ní West Arnhem Land ní àríwá, níbi tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀dàn, wọ́n ti sọ ọ́ dọ̀tun láti ọdún 2006: wọ́n ń jó koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ilé-iṣẹ́ gáàsì kan sì ti sanwó fún wọn nítorí èéfín tí ó dín kù. Àgbẹ̀ àti ọdẹ Òkè-Ògùn yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iná tí a dá nígbà tí koríko ṣì ní omi lára yàtọ̀ sí èyí tí a dá nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dàn kọ́ ni òkè Marysville. Igi gíga kan ló wà níbẹ̀, *Eucalyptus regnans*, tí igbó rẹ̀ máa ń tutù fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tí kò sì ṣeé jó jẹ́jẹ́. Iná ńlá a máa pa á, irúgbìn rẹ̀ á sì hù nínú eérú. Ọmọ igi náà nílò bí ogún ọdún kó tó so irúgbìn tó tó. Bí iná bá tún jó o kí ó tó pé ọjọ́ yẹn, igbó náà ti tán nìyẹn. Ohun tó tọ́ fún àríwá lè pa gúúsù run. Àwọn onímọ̀ kan, David Lindenmayer sì wà lára wọn, tún sọ pé igbó tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ń jó burúkú ju igbó àgbà lọ. Àwọn mìíràn ta ko èyí. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni Victoria fòpin sí gígé igi igbó àdánidá fún títà.

Lọ tàbí dúró

Kí Sátidé Dúdú tó ṣẹlẹ̀, ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí onílé yan ọ̀kan nínú méjì: kó múra sílẹ̀, kó dúró gbèjà ilé rẹ̀, tàbí kó tètè lọ. Ìmọ̀ràn náà ti gba ọ̀pọ̀ ilé là nínú iná tó mọ níwọ̀n. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sọ pé iná kan wà tí ilé kankan kò lè dúró dè. Òṣùwọ̀n ewu iná tí onímọ̀ iná igbó, Alan McArthur, ṣe fi 100 ṣe òkè rẹ̀, ní wíwo iná Fráídè Dúdú ọdún 1939 tó pa ènìyàn 71. Lọ́jọ́ Sátidé Dúdú, òṣùwọ̀n náà kọjá 100 dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìpele tuntun kún un, èyí tí ìmọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan: kí onílé kúrò níbẹ̀, ó sàn kó jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìkìlọ̀ lórí fóònù dé káàkiri orílẹ̀-èdè náà kí ọdún 2009 tó parí, òfin ilé kíkọ́ sì le sí i.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2019 sí 2020 dán gbogbo èyí wò. Kò sí ọdún tó gbóná tó sì gbẹ tó 2019 nínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, iná sì jà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní Mallacoota, létí òkun Victoria, bí 4,000 ènìyàn ló há sí etíkun lọ́jọ́ ìparí ọdún lábẹ́ ojú ọ̀run pupa, tí ọkọ̀ ojú omi ológun fi wá kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ènìyàn 33 ni iná pa káàkiri orílẹ̀-èdè, mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ panápaná. Èéfín rẹ̀ tún ṣekú pa ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn oníwádìí fojú bù ú pé 417 ènìyàn ló ti ipa rẹ̀ kú. Greg Mullins, tó ti jẹ́ ọ̀gá panápaná rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ti bẹ olórí ìjọba orílẹ̀-èdè náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 pé kó gbà wọ́n láyè láti ṣàlàyé ewu tí ìyípadà ojú ọjọ́ ń mú bọ̀. Wọn kò rí i kí iná tó dé. Lásìkò náà, ariwo pé àwọn adáná-sungbó ló fa gbogbo rẹ̀ gba ìgboro kan, ó sì bo ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Kò sí ìdáhùn tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn lórí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́lé sí. Ìgbìmọ̀ Olùwádìí dámọ̀ràn pé kí ìjọba ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ilé wọn wà níbi tí ewu ti pọ̀ jù, kí ẹnikẹ́ni má tún kọ́lé síbẹ̀. Ìjọba ra díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé padà sí orí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì tún un kọ́ láàárín igi tó ti ń hù padà.