Ta Ló Ni Ilẹ̀ Náà? Alárinà àti Ìmúra Olùrà Ilé ní Ìlú Èkó

Ní ìlú Èkó, ẹni tí ó bá ń múra láti ra ilé yóò kó owó jọ, yóò yan àdúgbò tí ó wù ú, yóò sì wá ajẹ́ǹtì tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ tà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ṣòro nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ìbéèrè kan tí ó ti wà nílẹ̀ kí owó tó dé, èyíinì ni pé ta ni ó ni ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé. Láti nǹkan bí ọdún 1850 wá, ọ̀pọ̀ òfin ni ìjọba ti ṣe láti dáhùn ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ńṣe ni òfin kọ̀ọ̀kan ń fi ìdáhùn tuntun kún ti àtẹ̀yìnwá láìpa á rẹ́. Àárín àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ni alárinà, ìyẹn ẹni tí ó ń dúró láàárín olùtà àti olùrà, ti rí ibi tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó yin àgbá lu Èkó ní 1851, ilẹ̀ ìlú náà àti ti agbègbè rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn Ìdéjọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ìtàn so mọ́ Ọlọ́fin tí ó tẹ Ìddó dó. Lára wọn ni Arómirẹ́, Olúwa, Oníru, Ọlọ́tọ̀, Ọjọ́ra, Oníkòyí àti Ẹlẹ́gùṣì. Ọba fúnra rẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀ bíi tiwọn, nítorí ìtàn Èkó sọ pé orí oko ata Arómirẹ́ ni wọ́n kọ́ ààfin Ìgà Ìdúngànrán sí, tí ààfin náà sì ti ara oko yẹn gba orúkọ. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun títà nígbà náà. Ẹbí ni ó ni ín, olórí ẹbí sì ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tí ó wà láyé àti àwọn tí a kò tíì bí. Àlejò tí ó bá fẹ́ ibi kọ́lé sí yóò wá onígbọ̀wọ́, ẹni tí àwọn onílẹ̀ mọ̀ dáadáa, tí yóò mú un wọlé, tí yóò jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, tí wọn yóò sì bi léèrè bí àlejò náà bá hu ìwà tí kò yẹ. Obì àti ọtí ni wọ́n fi ń tọrọ ilẹ̀, pèrègún ni wọ́n sì ń gbìn sí ààlà, nítorí pé pèrègún kì í tètè kú, ojú kì í sì í ṣì í mọ̀ láàárín igbó. Lẹ́yìn èyí ni àlejò yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ẹ̀bùn ọdọọdún tí ó sábà máa ń jẹ́ irè oko. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó ilẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ni, pé ẹni tí ó ń lo ilẹ̀ kò gbàgbé ẹni tí ó fi í sórí rẹ̀, bí kò bá sì sẹ́ onílẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí. Onígbọ̀wọ́ yìí ni a lè pè ní baba ńlá ajẹ́ǹtì òde òní, àfi pé ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín àwọn méjèèjì: onígbọ̀wọ́ kì í kúrò ní àdúgbò lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá parí.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ nílò nǹkan mìíràn ni àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone dé àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil àti Cuba padà wálé. Oníṣòwò, bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti gbé níbi tí wọ́n ti ń fi ìwé ra ilẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ilé alájà méjì tí wọ́n fi bíríkì kọ́ ní Pópó Àgùdà dúró lórí obì àti ọtí nìkan. Ọba Dòsùnmú, tí ó gorí oyè ní 1853, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ilẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, wọ́n fi agbára ọkọ̀ ogun mú un fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣèlérí 1,200 àpò owó ẹyọ fún un lọ́dọọdún. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fúnra rẹ̀ kọ ìwé fún àwọn tí wọ́n ń gbé orí ilẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ adé ọba Gẹ̀ẹ́sì sí i, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà lè ní Ìdéjọ tí ó ni ín nínú àṣà, kí ó sì ní ẹlòmíràn tí ó ni ín nínú ìwé. Ìwé náà ní agbára tí pèrègún kò ní, nítorí pé oníṣòwò lè fi í dógò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó kí ó gba ọjà àwìn, bí gbèsè bá sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n á lu ilé náà ní gbàǹjo. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nídìí gbàǹjo yìí ni Èkó ti kọ́kọ́ mọ alárinà tí ó ń jẹun lórí ilé títà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé ẹbí tún ní ìdènà mìíràn. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, tí ó dá lórí ilé Mabinuori, ẹni tí ó kú ní 1874, ilé ẹjọ́ gbà pé gbogbo ọmọ ni ó ni ilé ẹbí, àti pé bí àkọ́bí ọkùnrin bá kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, ìbáà ṣe obìnrin, ni olórí ẹbí. Láti ìgbà náà, olùrà tí ó bá bá àwọn ọkùnrin nìkan sọ̀rọ̀ kò tíì bá ẹbí sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni ti Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Àpápá fún ìlò ará ìlú, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì di ti owó gbà-má-bínú, ilé ẹjọ́ ní Èkó ní kìkì ẹ̀tọ́ àbójútó ni olóyè náà ní, pé òun kọ́ ni ó ni ilẹ̀. Olúwa kò gbà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ilẹ̀, sì bá a lọ, ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣúgbàyí Elékòó dání, èyí tí ó bí ìjọba Èkó nínú gan-an. Ní 1921, àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olúwa láre: wọ́n ní ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti ní in tẹ́lẹ̀, àti pé gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ ni kí ìjọba san owó fún ìdílé náà. Owó tí wọ́n san níkẹyìn jẹ́ £22,500. Ayọ̀ tí ó bá Èkó kò ṣeé fẹnu sọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún olùrà, ìtumọ̀ ìdájọ́ náà ni pé ìwé ìjọba nìkan kò tó mọ́, nítorí pé ẹbí tí ó wà lẹ́yìn ìwé ṣì wà láàyè, ó sì lè sọ̀rọ̀.

Ìjọba tún gbìyànjú láti tún ìlú tò lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, wọ́n dá àjọ ìdàgbàsókè Èkó sílẹ̀ ní 1928, láti 1955 ni wọ́n sì ti ń wó ilé ní àárín ìlú, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn tí kò rí ilé gbà lọ́wọ́ ìjọba padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí onílẹ̀, iye wọn sì pọ̀ ju ti àwọn tí ó rí gbà lọ. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, tí ó ti ìlà-oòrùn Nàìjíríà wá ní 1959, ni ó fún wọn ní ìlànà tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń lò: bí olórí ẹbí bá tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè gba ilẹ̀ náà padà nílé ẹjọ́, bí àwọn àgbà ẹbí bá sì tà láìsí olórí, òfo ni títà náà láti ìpìlẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ènìyàn ń rà láti ìgbà náà, ẹ̀tọ́ àtigbé orí ilẹ̀ ni, kì í ṣe ilẹ̀ gan-an. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ yìí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní C of O, bí olówó rẹ̀ bá sì fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn, àfi kí gómìnà fọwọ́ sí i. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Ajilo, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi hàn bí ìfọwọ́sí yìí ti ṣe pàtàkì tó: ẹni tí ó fi ilé dógò ní báńkì jàre báńkì náà, nítorí pé gómìnà kò fọwọ́ sí ìdógò ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni ó yẹ kí ó béèrè fún ìfọwọ́sí náà. Síbẹ̀, òfin yìí kò mú ẹbí kúrò nídìí ọ̀rọ̀. Olùrà ní láti tẹ́ ẹbí lọ́rùn, kí ó sì tẹ́ ìjọba lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ló sì san owó fún ẹbí lórí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà tipẹ́. Ohun tí ojú àwọn ará Màrókò rí nìyẹn ní oṣù Keje, ọdún 1990, nígbà tí katakata wó ilé wọn. Àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Oníru wà nínú àwọn ènìyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 tí wọ́n lé kúrò.

Inú rúdurùdu yìí ni ajẹ́ǹtì ti di pàtàkì. Àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1969, ìjọba sì ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ fún wọn ní 1975. Àwọn tí wọ́n pọ̀ jù ní ìgboro kọ́ nìyẹn. Ajẹ́ǹtì àdúgbò lè jẹ́ ẹni tí kò ní ju pátákó àti fóònù lọ, ilé kan ṣoṣo sì lè gba ọwọ́ ajẹ́ǹtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kí olùrà tó rí onílé, tí olúkúlùkù wọn yóò sì máa retí owó tirẹ̀. Kò yẹ kí a fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ajẹ́ǹtì rere mọ ẹbí tí ó ń jà àti èyí tí kò jà, ìmọ̀ yẹn kò sì sí nínú ìwé ìjọba kankan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí títà bá parí ni owó ń wọlé fún ajẹ́ǹtì, ìwádìí sì máa ń fa títà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olùrà fi ìwádìí sí ọwọ́ rẹ̀.

Ìwádìí náà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí sọ̀fíyọ̀ bá wọn ilẹ̀, ó máa ń ri òpó kọnkéré kéékèèké mọ́lẹ̀ sí igun ilẹ̀ náà, tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dà pupa sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àgbà sọ̀fíyọ̀ ìpínlẹ̀ ní Aláùsá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ibi tí àwọn òpó náà wà lé máàpù, kí ó lè hàn bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, tàbí bóyá ó ti dá a padà fún abúlé tí ó ni ín, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti ka ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí ilẹ̀, àti níní ilẹ̀ tí ó fara kàn án. Ìwé jẹ́ ọ̀kan péré nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ òun ni ajẹ́ǹtì máa ń kọ́kọ́ nà sí olùrà.

Ní 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó ka owó ìpìlẹ̀ léèwọ̀, ìyẹn owó tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń fi agbára gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ́lé, ó sì ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ìyà ẹni tí ó bá fi ipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Síbẹ̀, lára ògiri ilé púpọ̀ ní Èkó, àkọlé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà ṣì wà, tí ó ń sọ pé ilé náà kì í ṣe títà, kí àwọn ènìyàn ṣọ́ra fún oníjìbìtì. Onílé ni ó kọ ọ́, olùrà tí kò mọ̀ rí ni ó sì kọ ọ́ sí.