Nígbà Tí Ètò Kan Bá Ń Jẹ Ìrántí Kọ̀ǹpútà Ìjọ Tán

Ọ̀kan nínú ẹ̀dùn ọkàn tí àwọn akọ̀wé ìjọ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bójú tó ẹ̀rọ máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa láti Sùúrùlérè, Yábàá àti Muṣin ni pé kọ̀ǹpútà ìjọ ti ń falẹ̀. Ìwé ìkéde ọjọ́ Ìsinmi tí ó yẹ kí ó parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní parí títí di òru Sátidé. Ọ̀rọ̀ orin tí ó yẹ kí ó hàn lára ògiri kò ní jáde títí ìjọ yóò fi kọ ẹsẹ kejì tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé ìnáwó ni ó máa ń tẹ̀lé ẹ̀sùn yìí: kí ìjọ ra kọ̀ǹpútà tuntun.

A kọ èyí fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí irú ìwé ìnáwó bẹ́ẹ̀ tó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Owó ọrẹ ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2025, iye owó ìrántí kọ̀ǹpútà fò sókè káàkiri àgbáyé, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń kọ́ ibùdó ẹ̀rọ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń rà á lọ́pọ̀ yanturu. Kì í ṣe àkókò tí ó yẹ kí ènìyàn ra ohun tí kò nílò rárá.

Tábìlì àti àpótí

Ìrántí tí à ń wí yìí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní RAM, kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú fáìlì sí. Àwọn kan máa ń pa fídíò ìkórè ọdún mẹ́ta sẹ́yìn rẹ́ nítorí kí ìrántí lè ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n àyè RAM kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ wo aránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní tábìlì tí ó ń gé aṣọ lórí rẹ̀, ó sì ní àpótí ńlá tí ó ń kó aṣọ àwọn oníbàárà sí. RAM ni tábìlì, hard disk ni àpótí. Ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣí a gba àyè tirẹ̀ lórí tábìlì, bí a bá sì pa á, ó yẹ kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì a pòórá; ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ fi máa ń ṣègbé.

Nígbà tí tábìlì bá kún, Windows a bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ kan padà sínú àpótí kí ó lè rí àyè fún òmíràn, a sì tún lọ kó o jáde bí a bá bèèrè rẹ̀. Lílọ-bíbọ̀ yìí ni ó ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀, pàápàá bí hard disk náà bá jẹ́ irú ti àtijọ́ tí ń yí, nítorí pé RAM yára ju irú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó ju 10,000 lọ. Bí ẹ bá rí i tí iná kékeré orí kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́jú láìdúró nígbà tí ẹ kò fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a sọ èyí: RAM tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Windows fúnra rẹ̀ máa ń lo àyè tó ṣófo láti kó ohun tí ó rò pé a óò nílò láìpẹ́ sítòsí. Kọ̀ǹpútà tí ó fi hàn pé òun ń lo ìdá 60 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún RAM rẹ̀, tí ó sì ń yára dáhùn, ara rẹ̀ le.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ṣe é

Ẹ tẹ bọ́tìnì Ctrl, Shift àti Esc papọ̀. Ojú ìwé kan tí à ń pè ní Task Manager yóò ṣí. Bí ó bá kéré, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ orí ìlà tí a kọ Memory sí, ètò tí ó ń gba àyè jù lọ yóò sì bọ́ sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró nìyí: wọ́n rí orúkọ tó wà lókè, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ iye tó wà níwájú ètò náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i; ẹ tún kọ ọ́ lẹ́yìn wákàtí kan; ẹ tún kọ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́. Iye mẹ́ta yìí yóò sọ ohun tí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè sọ fún yín nípa wíwo ẹ̀rọ náà láti òkèèrè. Bí iye náà bá ga láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì dúró síbẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún ètò náà ni ó tóbi. Bí ó bá ń gun òkè ní gbogbo ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yín kò pọ̀ sí i, ètò náà ń jò. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò sí èyí tó tóbi nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ bí èrò Ojúẹlẹ́gba ní aago méje àárọ̀, ẹ tẹ Startup nínú Task Manager kan náà, kí ẹ dá àwọn tí kò yẹ kó máa dìde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà dúró. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò le, kò yẹ kí ó gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ètò tí ń jò

Ètò tí ń jò ni aránṣọ tí kì í gbá àjákù aṣọ kúrò lórí tábìlì. Àjákù kan kò jẹ́ nǹkankan, ṣùgbọ́n wọn a máa pọ̀ sí i.

Nílùú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní oṣù kẹwàá ọdún 1992, àjọ tó ń fi ọkọ̀ gbé àwọn aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò kọ̀ǹpútà tuntun rán àwọn ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Wàhálà bá ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, ní kété lẹ́yìn aago méjì, ó dákẹ́ pátápátá, àwọn òṣìṣẹ́ sì padà sí fífi ìwé àti bírò ṣiṣẹ́. Ìwádìí fi hàn pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹnì kan tó ń ṣe àtúnṣe ti fi ìlà díẹ̀ sílẹ̀ nínú ètò náà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rán ọkọ̀ kan jáde, àwọn ìlà náà a gba àyè kékeré kan nínú ìrántí, wọn kò sì ní dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà kí àyè tó tán.

Bí ètò tí ẹ̀mí ènìyàn gbára lé bá lè jò bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ti ọ́fíìsì ìjọ bá ń jò. Ohun tó mú un burú sí i ní Èkó ni bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Nítorí ọ̀rọ̀ iná, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í pa laptop. A kàn máa ń pa ìdérí rẹ̀ dé, a ó sì ṣí i padà nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà Àjíǹde títí di ìgbà ìkórè, irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun rí. Àwọn tó tilẹ̀ ń pa á pẹ̀lú Shut down kò bọ́ tán. Láti orí Windows 8, tó jáde ní ọdún 2012, ni Microsoft ti fi ohun kan tí wọ́n pè ní Fast Startup sí i: bí a bá tẹ Shut down, àwọn ètò wa a pa, ṣùgbọ́n Windows a fi inú ara rẹ̀ pamọ́ sórí hard disk, a sì gbé e jáde bó ṣe wà nígbà tí a bá tún tàn án. Bí ohun tí ń jò bá wà nínú Windows gan-an, bóyá ètò kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, yóò bá wa jí. Restart ni ó ń gbá tábìlì náà mọ́ pátápátá. A gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa tẹ Restart ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fura sí àwọn àfikún kéékèèké tí a so mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń bú Firefox pé ó ń jẹ ìrántí. Nígbà tí àwọn tó ṣe é gbé iṣẹ́ ńlá dìde lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2011, wọ́n rí i pé àwọn àfikún tí àwọn ẹlòmíràn kọ wà lára ohun tó ń fa jíjò náà, wọ́n sì dí ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú Firefox 15 ní ọdún 2012. Ní ti Chrome, láti ìgbà tó ti jáde ní ọdún 2008 ni ó ti ń ya àwọn ojú ewé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà bí orúkọ rẹ̀ bá hàn nígbà ogún nínú Task Manager, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ẹ wọ inú Settings rẹ̀, ẹ tẹ Performance, kí ẹ tan Memory Saver. Yóò máa gba àyè padà lọ́wọ́ ojú ewé tí ẹ kò wò fún ìgbà pípẹ́.

Bí ètò kan bá ń jò lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wo bóyá ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ti wà. Bí kò bá sí, ẹ kọ ìwé sí àwọn tó ṣe é, kí ẹ fi iye mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ ń lò. Ẹni tó ń lo ẹ̀dà tí a jí kò ní ẹni tó lè kọ̀wé sí, kò sì mọ ohun tí olè fi sínú rẹ̀. A kò rò pé ó yẹ kí irú rẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì ìjọ.

Àwòrán inú ìwé ìkéde

Ìjọ kan ní agbègbè Muṣin ni wọ́n ti sọ fún pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti darúgbó. Ìwé ìkéde ọdọọdún ni ó ń gan lórí rẹ̀: ojú ewé mẹ́rìndínlógún, àwòrán ọgbọ̀n tí wọ́n fi fóònù yà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àwòrán fóònù tí ó jẹ́ 4000 ní ìbú, 3000 ní gíga, ní ààmì àwọ̀ mílíọ̀nù 12. Nínú fáìlì, wọ́n ti ká a pọ̀, ó lè má ju mẹ́gábáìtì 4 lọ. Ṣùgbọ́n kí ètò tó lè fi í hàn, ó gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ sórí tábìlì, ààmì kọ̀ọ̀kan a sì sábà gba báìtì 4. Èyí jẹ́ mẹ́gábáìtì 48 fún àwòrán kan. Ọgbọ̀n irú rẹ̀ lè béèrè mẹ́gábáìtì 1,440, lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4, tí Windows sì ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá dín àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí 1600 ní 1200, gbogbo wọn kò ní gbà ju mẹ́gábáìtì 231 lọ, ojú kò sì ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí àwòrán kékeré inú ìwé ìkéde.

Nínú Word tàbí PowerPoint, ẹ tẹ àwòrán kan, ẹ lọ sí Picture Format, kí ẹ tẹ Compress Pictures, kí ẹ sì yan 150 ppi. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú àwọn àwòrán gidi sí ibòmíràn, nítorí pé ohun tí a bá dín kù kò ṣeé mú bọ̀ sípò. Ìlànà kan náà wà fún EasyWorship àti àwọn ètò mìíràn tó ń gbé orin sára ògiri: kò sí ìdí tí àwòrán ẹ̀yìn orin fi ní láti tóbi ju 1920 ní 1080 lọ bí projector yín kò bá lè fi jù bẹ́ẹ̀ hàn. Ìjọ Muṣin yẹn kò ra kọ̀ǹpútà.

Bí ó bá wá jẹ́ pé RAM kò tó lóòótọ́

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìjọ ni tòkunbọ̀. Ẹ lọ sí Settings, System, About. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé RAM jẹ́ gígábáìtì 8, ṣùgbọ́n nǹkan bí 3 péré ni usable, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á ti fi Windows oní-32-bit sí i, èyí tí kì í lè lò ju gígábáìtì 4 lọ. Windows oní-64-bit ni ẹ nílò, kì í ṣe RAM. Ẹ má sì gba ètò tó ń ṣèlérí láti "fọ RAM" fún yín: ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ni kí wọ́n fi ipá kó ẹrù láti orí tábìlì sínú àpótí, tí ẹ ó sì tún dúró kí ó kó o padà.

Windows 11 ń béèrè gígábáìtì 4 ó kéré tán, Microsoft sì ti dáwọ́ àbójútó ọ̀fẹ́ tó wà fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025. Lójú tiwa, ọ́fíìsì ìjọ tó ń ṣe ìwé ìkéde nílò gígábáìtì 8. Èyí tó ń gbé ìsìn sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílò 16. Bí ẹni tó lọ ra páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ṣe máa ń mú èyí tó bàjẹ́ dání, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ mú RAM àtijọ́ dání bí ẹ bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. DDR3 kò lè wọ ojú DDR4, ti laptop kò sì bá ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì mu. Àwọn laptop kan wà tí a ti jó RAM wọn mọ́ inú, tí a kò lè fi kún un. Ẹ bèèrè kí ẹ tó gbéra.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà lọ. Kí wọ́n fi RAM sí i lójú yín, kí ẹ tàn án, kí ẹ ṣí Task Manager, kí ẹ tẹ Performance, kí ẹ sì rí i pé gbogbo gígábáìtì tí ẹ rà ni ó hàn níbẹ̀ kí akápò tó san owó.