Tí òjò bá ń jò wọ mọ́tò onísunroof
Tí rọ́ọ̀gì mọ́tò bá tutù lẹ́yìn òjò, ọ̀pọ̀ á ní rọ́bà sunroof ló bàjẹ́, wọ́n á lẹ gọ́ọ̀mù yí gíláàsì ká. Owó gọ́ọ̀mù á kàn ṣòfò ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Rọ́bà yẹn kì í dá gbogbo omi dúró. Èyí tó bá yọ́ wọlé ń gba họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní igun rẹ̀ jáde sábẹ́ mọ́tò. Ewé àti eruku ló ń dí i, àgàgà mọ́tò tó ń sùn lábẹ́ igi.

Ẹ ṣí sunroof, ẹ rọra da omi díẹ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan. Tí omi ò bá kán sílẹ̀, ó ti dí nìyẹn. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ, họ́ọ̀sì lè yọ nínú. Wáyà rírọ̀ ni kí ẹ fi là á. Ẹ má fi falẹ̀ o, wáyà iná wà lábẹ́ rọ́ọ̀gì yẹn.