Àwo Tí Kò Lábùkù, Eré Tí Ó Sọnù

Ní oṣù kejì ọdún 2014, wọ́n gbé eré àtijọ́ kan jáde sórí àwo DVD ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. The Web of Fear ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ eré Doctor Who tí BBC fi hàn ní 1968. Apá mẹ́fà ni. Nígbà tí ó kan apá kẹta, ohùn àwọn òṣèré ń jáde, ṣùgbọ́n àwòrán kò rìn. Fọ́tò lásán ni ó ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò gbà pé àwo náà ti bàjẹ́, yóò sì fẹ́ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Àwo kò bàjẹ́ rárá. Àbùkù náà ti wà kí a tó ṣe àwo.

Téèpù ni ó fà á. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán sórí téèpù dé ní 1956, téèpù wọ́n bí ojú. Nítorí náà, àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán a máa pa eré tí wọ́n ti fi hàn rẹ́, wọn a sì gba òmíràn lé e. Bí síléètì ni téèpù rí lójú wọn: bí a bá ti kà á tán, à nù ún. Àṣà yìí kò sì yọ ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀.

Ibi tí a ti rí èyí tí ó kù ni ó yani lẹ́nu. BBC máa ń fi ẹ̀dà eré rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè lórí fíìmù. Ìlú Jos ni Philip Morris ti bá irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2013 ni a sì kéde pé apá mẹ́sàn-án tí ó ti sọnù ti padà. Nàìjíríà ni ó bá Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú ẹrù. Ta ni ó bá Nàìjíríà tọ́jú tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á wo ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní 31 oṣù kẹwàá 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láìpẹ́, àwọn ẹgbẹ́ eléré Yorùbá ti ń dé iwájú kámẹ́rà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, wà lára wọn. Òun ni ó sọ ìwé Amos Tutùọlá di eré Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ Lánkẹ́. Ó kú ní 1973.

Olùkọ́ tí ó bá ra àwo eré àtijọ́ fún kíláàsì ní Adó-Èkìtì gbọ́dọ̀ mọ irú àbùkù tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí ojú tí ń dán bá họ díẹ̀, a lè fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, tàbí kí a dán an. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn CD bá họ, ẹ̀pa kò bóró mọ́, nítorí abẹ́ orúkọ tí a tẹ̀ sí i gan-an ni àwòrán wà. Ti DVD sàn díẹ̀, nítorí àárín ni tirẹ̀ wà. Bí àwòrán bá sì ń já níbi kan náà lórí ẹ̀rọ méjì, tí ẹ̀dà kejì tún ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ má wulẹ̀ bá ọlọ́jà jà. Láti orísun ni ó ti bàjẹ́. Pípààrọ̀ àwo kò lè wò ó sàn. (Ìdí nìyí tí ọlọgbọ́n oníbàárà fi ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ kí òun tó sanwó.)

Ní ti Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn kọ ọ̀rọ̀ eré náà sílẹ̀, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1968. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á lónìí, kí ó sì mọ ohun tí Lánkẹ́ wí nígbà tí adẹ́mu rẹ̀ kú. Bí ojú Ògúnmọ́lá ti rí nígbà tí ó ń wí i, ìwé náà kò lè sọ ọ́.