Mímọ Onírúurú Àmì Ara: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Yẹ̀wò Kí A Tó Pe Àrùn Lórúkọ

Bí àmì kan bá yọ sí ara ènìyàn ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, orúkọ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ fún un. Ẹnìkan á ní làpálàpá ni, ẹlòmíràn á ní ìnárun ni, ẹni kẹta á sì máa sọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Orúkọ tí a fi ìkánjú sọ lè mú kí aláìsàn fi ara pamọ́ títí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin ọmọ ìjọ àti ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run.

Bí a ṣe ń ṣe àpèjúwe àmì ara

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rí àti ohun tí ọwọ́ bà. Àmì tí ó tẹ́jú, tí ó jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀, àbàwọ́n ni. Èyí tí ó le, tí ó sì wà lábẹ́ awọ, kókó ni. Bí ó bá ní omi nínú, ìléròrò ni. Bí ó bá ní ọyún, tí ó gbóná, tí ó sì ń ta ni, eéwo ni. Bí awọ bá ti ṣí, egbò ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè pé: Ibo ni ó wà? Mélòó ni? Ó ti tó ìgbà wo? Ṣé ó ń yún tàbí ó ń dun ni? Ǹjẹ́ a ń mọ̀ ọ́n lára bí a bá fọwọ́ kàn án? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù.

Àwọn tí ń yún

Làpálàpá máa ń rí roboto. Etí rẹ̀ a yọ sókè díẹ̀, a sì máa ṣí ìpẹ́, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ a mọ́. Kúrúnà máa ń sú wẹ́wẹ́ sí àárín ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí. Òru ni yíyún rẹ̀ ń pọ̀ jù, ó sì ń ràn; ìdí nìyí tí a fi ń tọ́jú gbogbo ará ilé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìnárun ń wá láti ara amùkúrù, kòkòrò kékeré tí ń jẹni létí odò tí ń ṣàn kíákíá. Ara a máa yún púpọ̀, awọ a nípọn, kókó a yọ ní ìbàdí, ojúgun a sì ní tótòtó bí ara ẹkùn. Bí ó bá pẹ́, ó lè fọ́ ojú. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí láti máa fi oògùn rẹ̀, Mectizan, tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tí kì í dunni

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí kò dunni kò léwu. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ó máa ń rí nígbà mìíràn.

Àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ máa ń ṣì ju awọ tó kù lọ, tàbí kí ó pọ́n díẹ̀. Kì í funfun báláú. Kì í yún, kì í sì í dunni. Ẹ ní kí ẹni náà di ojú, kí ẹ fi ṣóńṣó òwú kàn án. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Kòkòrò ni ó ń fà á. Hansen, dókítà ará Norway, ni ó rí i ní ọdún 1873. Ó lè tó ọdún 5, àní ọdún 20, kí àmì rẹ̀ tó hàn. Kì í ṣe èpè, a kì í sì í bí i mọ́ni. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn tí ń wò ó sàn. Oṣù 6 ni ẹni tí àbàwọ́n rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ fi ń lò ó, oṣù 12 ni ti ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Egbò Buruli náà ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó tí kò dunni. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí, tí etí rẹ̀ yóò jẹ wọ abẹ́ awọ. Ní ọdún 1976 ni àwọn dókítà kọ ìròyìn nípa rẹ̀ láàrin àwọn tí ń gbé inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Oògùn ọ̀sẹ̀ 8 lè wò ó, bí a bá tètè débẹ̀.

Àmì dúdú tí ń tàn ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná, àti egbò tí kò jinná ní ojú tàbí etí àfín, lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ má ṣe fi wọ́n falẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú Léfítíkù orí 13

Àlùfáà inú orí yìí kò kánjú. Ó wo awọ, ó wo irun, ó sì dúró fún ọjọ́ méje kí ó tó tún un wò. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀ kan aṣọ àti ògiri ilé pẹ̀lú. Nítorí náà kì í ṣe àrùn tí Hansen rí nìkan ni ó ń tọ́ka sí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orí náà lé aláìsàn jáde nínú ìjọ.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹ má ṣe da omi bátìrì tàbí àgbo líle sí àmì tí a kò tíì mọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó wà nítòsí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kan wà tí ń mójú tó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin òjíṣẹ́, bí ọmọ ìjọ bá fi ara hàn yín, ẹ bá a pa àṣírí mọ́, kí ẹ sì bá a dé ilé ìwòsàn. Àbàwọ́n tí a tètè mú lọ kì í di ọwọ́ tí ó rọ.